Olóòlà Irin àti Ọkọ̀ Ọjọ́ Sátidé

Aago méje àárọ̀ ni Bàbá Àgbà mí èémí ìkẹyìn ní Ìkòròdú. Kó tó di ìrun Àsárì, a ti sin ín sí ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó wá kí wa kò tíì tán lẹ́nu ọ̀nà tí Ìyá Àgbà fi fà mí wọ yàrá, tó ti ilẹ̀kùn, tó sì sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò retí lẹ́nu opó ọjọ́ kan.

"Sìdí, ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń tú àṣírí àwọn ọlọ́lá síta nínú ìwé ìròyìn? Ó dáa. Tú ti bàbá àgbà rẹ fún mi. Ta ló ń lọ wò ní gbogbo ọjọ́ Sátidé?"

Mi ò bi í pé Sátidé wo. Gbogbo ilé ló mọ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí Bàbá Àgbà fi ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ipakodo lọ́sàn-án Sátidé, tí yóò gbé àpò aláwọ̀ ewé kan kọ́ èjìká, tí yóò wọ ọkọ̀ ojú omi, tí a kò ní rí i mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá bi í léèrè, ìdáhùn kan náà ni yóò gbọ́: "Mo lọ wo iṣẹ́ mi kan." Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ ọ̀hún. Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Obìnrin ni iṣẹ́ náà, ó sì ti bímọ.

"Bí a bá ń ṣe àdúrà ogójì ọjọ́," ó ní, "gbogbo ayé ni yóò péjọ síbí. Mi ò fẹ́ kí obìnrin kan ti ojú omi bọ̀, kó fa ọmọ lọ́wọ́, kó ní òun wá kí ilé bàbá ọmọ òun, kí èmi sì máa wò bọ̀ọ̀ nínú aṣọ opó. Bó bá wà, jẹ́ kí n mọ̀ kó tó dé. Opó kì í jáde. Ìwọ ni ẹsẹ̀ mi."

Iṣẹ́ mi ni láti bèèrè ẹ̀rí, mo sì bèèrè. "Kí lẹ rí, Ìyá Àgbà?"

Ó wo ilẹ̀kùn bí ẹni pé òkú lè máa gbọ́. "Àdín," ó ní.

Mi ò ní kọ ìtàn ayé Bàbá Àgbà láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Mi ò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ẹni tó ń jẹ́ kí a mọ òun. Ohun tí mo ní ni àwọn ọ̀rọ̀ tó sọ, àti àwọn ènìyàn tó sọ wọ́n fún.

Búráímọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ibùdókọ̀ Benson títí dé etí omi Ipakodo, Olóòlà Irin ni wọ́n ń pè é. Tọ́nà ni, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yí irin. Ẹ̀rọ leedi rẹ̀ kò tóbi ju àpótí aṣọ lọ. Yóò de irin mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ̀rọ yóò máa yí irin náà bìrìbìrì, ọ̀bẹ yóò sì máa bó o léèpo bí ẹni bó ọsàn. Bọ́ọ̀tù, ọ̀pá ẹ́ńjìnì, ìdimú oríṣiríṣi, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe. Irin dídán sì máa ń yọ̀ lọ́wọ́, pàápàá lọ́wọ́ apẹja tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbẹ rí. Nítorí náà, bó bá ti ṣe ìdimú tán, yóò tẹ ilà tín-ín-rín sí i lára, ilà tó ń gba ara wọn kọjá bí ojú àwọ̀n, kí ọwọ́ lè rí ibi dì mú. Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá.

Kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni, kò sì fi pamọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń wọn irin kan ṣoṣo. Bí oníbàárà bá sọ pé báyìí ni irin òun ṣe gùn tó, yóò ní, "Mo gbọ́," yóò sì mú òṣùwọ̀n. Bí wọ́n bá fẹ́ palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́, gbogbo ọmọ iṣẹ́ yóò tò sójú kan, wọn yóò na ọwọ́ méjèèjì síwájú, Bàbá Àgbà yóò sì ka ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ka adìyẹ. Kàmọ̀rù, tó jẹ́ àgbà nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Benson báyìí, sọ pé wọ́n ń ka ìka òun títí òun fi gbéyàwó.

"Ojú ń tì mí," Kàmọ̀rù ní. "Mo ní, Ọ̀gá, ṣé ẹ rò pé ìka ènìyàn lè gé kó má mọ̀ ni? Ó ní, 'Kàmọ̀rù, ẹni tí ìka rẹ̀ gé mọ̀. Ẹni tó fẹ́ fi pamọ́ fún mi ni mò ń wá.'"

Èmi náà jẹ nínú ìfura yẹn. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìbòrí gígùn tó dé ìbàdí. Kò kí mi. Ó kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ ná, ó dúró títí ó fi dákẹ́ pátápátá, ó wá nàka sí etí ìbòrí mi. "Ẹ̀rọ yìí kì í jẹ irin," ó ní. "Aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹran tó bá wà nínú aṣọ náà, ìpanu ni."

Ní ọdún tí ìròyìn mi kọ́kọ́ jáde lójú ewé àkọ́kọ́, mo gbé ìwé ìròyìn náà lọ fún un bí ọmọ tó gba ipò kìíní. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ta ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Bàbá Àgbà kà á, ó lọ́ra, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan.

"Ọkùnrin yìí, ṣé o bá a sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ní kò sí nílé, Bàbá."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo lọ?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

Ó ká ìwé ìròyìn náà ní mẹ́rin, ó dá a padà fún mi. "Ẹ̀yin akọ̀ròyìn, ẹ máa ń gé irin kí ẹ tó wọ̀n ọ́n."

Mo bínú fún oṣù méjì. Láti ìgbà náà, mi ò kì í lọ sílé ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀kan mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí àdín. Bí Ìyá Àgbà ṣe rò ó nìyí: ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ìgò àdín kan tó kún dé ọrùn pòórá nílé ìdáná. Ìyá Àgbà wádìí títí, aládùúgbò kan wá sọ pé òun rí ìgò náà lọ́wọ́ Bàbá Àgbà ní òpópónà, tó wé e sínú ìwé. "Ilé wa kò sí ọmọ tuntun nígbà náà," Ìyá Àgbà ní. "Kí ni àgbà ọkùnrin ń fi odidi ìgò àdín ṣe? Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń fi í pa lára. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan sí i tó bẹ̀rẹ̀ sí wọ ọkọ̀. Mo bi í. Ṣé o mọ ohun tó sọ? Ó ní, 'Àdín tó tán, ṣé a ó gbé e lọ sílé ẹjọ́ ni?'"

Ẹ̀sùn kejì wà. Lóṣù náà gan-an, orí ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀ Ìyá Àgbà, ibi tí a ti ń dì í mú, já. Bàbá Àgbà fi irin ṣe òmíràn, ó sì kọlà sí i lára. Ṣùgbọ́n ilà kan kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka yí i ká, ẹ ó kan ibì kan tó rí pẹlẹbẹ, bí eyín tó ká. Ìyá Àgbà kò dákẹ́ lórí rẹ̀ rí. "Iṣẹ́ tó pé ló ń gbé sọdá omi. Èyí tó kù díẹ̀ káàtó ló gbé wá fún mi. Mo sọ ọ́ sí i lójú." Ó gbé ìkòkò yẹn láti Ìkòròdú wá sí Ẹ̀pẹ́ fún opó, pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀, kí ó lè máa rí nǹkan bínú sí.

"Kí ni Bàbá sọ nígbà tẹ́ ẹ sọ ọ́ sí i lójú?"

Ìyá Àgbà fi ohùn ọkọ rẹ̀ dá mi lóhùn, ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó máa ń múni bínú yẹn: "'Ohun tó bá jẹ́ tèmi, bẹ́ẹ̀ ló ń rí.'"

Mo padà sí Ìkòròdú, mo bẹ̀rẹ̀ láti inú àpótí Bàbá Àgbà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ agbádá ọdún Iléyá, agolo mílíìkì kan wà tí wọ́n fi okùn dì. Irinṣẹ́ tó fi ń kọlà sí irin ló wà nínú rẹ̀, èyí tí gbogbo Ipakodo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí. Ó rí bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ: apá irin méjì tí a so pọ̀ ní ìdí, bọ́ọ̀tù kan láàárín tó ń fà wọ́n mọ́ra, kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín kọ̀ọ̀kan ní ẹnu apá kọ̀ọ̀kan. Kẹ̀kẹ́ náà kò tó kọ́bọ̀ àtijọ́. Ojoojúmọ́ ni Bàbá Àgbà ń gbé e lọ sílé, tó ń gbé e bọ̀ láàárọ̀. Àwọn kan ní oògùn ló wà níbẹ̀. Àwọn tọ́nà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ahun ló ń ṣe é, kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí i kọ́.

Mo gbé agolo náà tọ Kàmọ̀rù lọ. Bó ṣe rí i báyìí, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ kàn án.

"Ó jẹ́ kó o rí i?"

"Ó ti kú, Bọ̀ọ̀dá Kàmọ̀rù."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbàgbé." Ó jókòó. "Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yá mi lọ́jọ́ kan péré. Ó ní, 'Ẹni tó bá fẹ́ orúkọ, kó lọ ṣe tirẹ̀.' A ò sọ̀rọ̀ síra wa fún ọdún kan."

Mo ní kó sọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ó ní tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ni gbogbo àwọn ń lò. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni tọjà ti ń ti irin. Ẹ̀rọ ńlá lè gbà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré yóò máa kérora, irin tín-ín-rín yóò sì tẹ̀. Èyí tí Bàbá Àgbà ṣe ń fún irin láti òkè àti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni fi ìka méjì mú èkùrọ́, nítorí náà irin kò ní ibi tó lè tẹ̀ sí.

"Ìdí tó fi ṣe é nìyẹn?"

"Ohun tó sọ fún gbogbo ènìyàn nìyẹn." Kàmọ̀rù wo ẹnu ọ̀nà. "Ìdí gan-an ni irin kan tó ṣẹ́."

Apẹja kan lórí ọ̀sà ló ni irin náà. Ìdimú gígùn ni, èyí tí wọ́n fi ń darí ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó ṣẹ́ mọ́ ọkùnrin náà lọ́wọ́ lójú omi, ẹ́ńjìnì yí bìrí, ọkùnrin náà ṣubú sómi ní ẹ̀yìn ọkọ̀, abẹ tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ilé ìwòsàn gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Ọwọ́ apẹja mìíràn ló ti ra irin náà ní àlòkù, ohun tó sì mọ̀ kò ju pé tọ́nà kan ní Ipakodo ló ṣe é. Tọ́nà mẹ́ta ló wà ní Ipakodo. Àwọn ará ilé rẹ̀ gbé irin tó ṣẹ́ náà tọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

"Àwọn méjì búra kí wọ́n tó wò ó tán," Kàmọ̀rù ní. "Ọ̀gá gbà á. Ó fi kẹ̀kẹ́ tiwa sórí ilà irin náà, ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Ó gba ti àwọn méjì yòókù, ìyẹn náà wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Ọwọ́ oníṣòwò kan náà ni gbogbo wa ti ra kẹ̀kẹ́. Ọ̀gá jókòó sórí àgbá. Ó ní, 'Kàmọ̀rù, irin rèé, ojú mi rèé. Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ mi ni.'"

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ti ṣọ́ọ̀bù. Ó lo jíà àtijọ́ kan tó so mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ láti fi ka eyín: yóò yí i sún eyín jíà kan, yóò dá ẹ̀rọ dúró gbọnyin, yóò fi ọwọ́ ti ọ̀bẹ kọjá lára kẹ̀kẹ́ kó fa ilà kan, yóò tún sún un. Eyín kan, eyín kan, títí kẹ̀kẹ́ fi kún. Nígbà tó de kẹ̀kẹ́ méjèèjì sẹ́nu apá, ó darí ọ̀kan díẹ̀ sí ọ̀tún, ó darí èkejì sí òsì, kí ilà wọn lè máa gba ara wọn kọjá. Lẹ́yìn náà ló mú fáìlì, ó sì họ eyín kan dànù lára kẹ̀kẹ́ kan.

"Mo pariwo," Kàmọ̀rù ní. "Mo ní, Ọ̀gá, ẹ ti bà á jẹ́! Ó ní ibẹ̀ ni orúkọ òun wà. Láti ọjọ́ náà, ibi tó bá kọlà sí, ilà kan á ṣófo. Kò sì jẹ́ kọlà sí irin tí kò bá tó ìwọ̀n tí kẹ̀kẹ́ á yí ká ní iye tó pé, torí bí kò bá pé, ìyípo kejì á kún àyè tó ṣófo, orúkọ á sì parẹ́. Àwọn oníbàárà ń kùn pé kí ló dé tí irin àwọn fi tóbi díẹ̀ ju ohun táwọn sọ lọ."

"Àdín ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ ti àdín fún ẹ? Irin kẹ̀kẹ́ náà rọ̀, ó ní láti le. Ó ki wọ́n bọ iná títí wọ́n fi pọ́n bí ata, ó jù wọ́n sínú àdín, ṣíìì! Ó ní òun ò fọkàn tán epo ẹ́ńjìnì tí òun ò mọ ẹni tó pò ó. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń rùn bí ilé ọlọ́mọ tuntun."

Mi ò gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ti ń wá irinṣẹ́ kan láti ọdún mẹ́wàá, tó sì rí i lórí tábìlì rẹ̀, lè sọ ohunkóhun tí yóò dùn mọ́ ọmọ olóògbé. Mo mú agolo náà padà. Kò bá mi du ú. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó yọ ẹ̀mú kékeré kan tó jọ tinú agolo. "Tèmi rèé. Eyín méjì ni mo họ. Nígbà tí mo fi hàn án ló tó tún bá mi sọ̀rọ̀." Mo bi í léèrè Sátidé. Ó ní òun ò mọ̀, ọ̀gá kò mú òun dání rí.

Nítorí náà, mo lọ sí etí omi. Awakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ṣẹ́gun mọ Bàbá Àgbà kí n tó parí orúkọ.

"Olóòlà! Yéè, baba yẹn. Kì í jókòó kó tó fọwọ́ kan gbogbo bọ́ọ̀tù ẹ́ńjìnì mi. Àwọn èrò á máa pariwo, 'Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ wa ọkọ̀ ni?' Á ní, 'Mi ò fẹ́ wà á. Mo fẹ́ dé ni.'"

"Níbo ló ń lọ?"

"Abúlé àwọn Ìlàjẹ, lọ́dọ̀ Jeremáyà."

"Ṣé obìnrin wà níbẹ̀?"

Ṣẹ́gun wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Àǹtí, obìnrin wà níbi gbogbo. Ìyàwó Jeremáyà wà níbẹ̀. Ọmọ náà wà. Kí lẹ fẹ́ rà gan-an?"

Mo wọ ọkọ̀. Kí ó tó ṣí, mo rí i pé mo ti fọwọ́ kan bọ́ọ̀tù mẹ́ta.

Ilé pákó ni, lórí òpó, omi lábẹ́ rẹ̀. Obìnrin tó ń yan ẹja lẹ́nu ọ̀nà gbójú sókè, ó kígbe, "Ojú Bàbá rèé!" Ọmọbìnrin kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo kí wọn, ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, mo ń wo imú ọmọ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Imú Bàbá Àgbà tóbi, ó sì tẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀. Mi ò rí i níbẹ̀. Mo wá wo etí.

Nígbà náà ni mo gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́ lórí pákó. Ọkùnrin kan jáde lórí igi ìtilẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣòkòtò rẹ̀ ká sókè.

"Sátidé méjì nìyí," Jeremáyà ní. "Ṣé ara Bàbá ò yá ni?"

Wọn ò gbọ́. Ta ni ìbá sọ fún wọn? Èmi ni mo sọ ọ́ fún wọn, mo sì sọ ọjọ́ àdúrà ogójì ní Ẹ̀pẹ́. Obìnrin náà kúrò nídìí iná, ó gbàgbé ẹja títí ó fi jóná. Jeremáyà fara ti ògiri. Ó sọ ìtàn náà bí ẹni tó ń jẹ́rìí nílé ẹjọ́, èmi náà sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Ìgbà àkọ́kọ́ tó wá, mo fi àjẹ̀ lé e. Mo ní bí kò bá jẹ̀bi, kí ló wá ṣe?"

"Èmi rò pé ó wá wò ó bóyá a máa lọ bá ọlọ́pàá ni," ìyàwó rẹ̀ ní.

"Ó tún wá ní Sátidé kejì. Mo ní, Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe irin yìí? Àwọn méjì yòókù ti ní àwọn kọ́. Bàbá yín nìkan ló sọ pé òun ò mọ̀. Ó ní, 'Bó bá jẹ́ tèmi, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Bí kò bá jẹ́ tèmi, mo wá kí ọ ni.'"

Igi ìtilẹ̀ tí ilé ìwòsàn fún Jeremáyà ń yọ̀ lọ́wọ́ lórí pákó tútù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣubú sómi. Bàbá Àgbà gbé igi náà lọ, ó yọ ìdimú pákó kúrò, ó fi irin sí i, ó kọlà sí irin náà lára. Òun ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí irinṣẹ́ tuntun náà ṣe. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni yóò yọ òṣùwọ̀n nínú àpò aláwọ̀ ewé, yóò wo igi náà látòkè délẹ̀, yóò fún bọ́ọ̀tù, yóò fi ìka yẹ ilà wò bóyá ó ti ń parẹ́, yóò jẹ ẹja, yóò sì wọ ọkọ̀.

*Mo lọ wo iṣẹ́ mi kan.* Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti ń sọ òtítọ́ fún wa.

Akọ̀ròyìn ni mí, mi ò lè ṣe kí n má bi í. "Lójú tiyín, ṣé òun ló ṣe irin tó ṣẹ́ náà?"

Jeremáyà yí igi lọ́wọ́. "Ọjọ́ mìíràn, mo rò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mìíràn, mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé, mi ò kì í rò ó rárá."

Mo gbé gbogbo rẹ̀ padà sí Ẹ̀pẹ́, mo kà á fún Ìyá Àgbà bí mo ṣe kọ ọ́. Ó gbọ́ ọ parí láìmi orí.

"Ìtàn dáadáa," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀melòó lo lọ?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, mà."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Àwọn kan máa ń gé irin kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n." Ó ní ọkùnrin tí Bàbá Àgbà ti bẹ̀ sílẹ̀ lè sọ pé òun lòun ni ìyàwó, òun lòun ni ọmọ. Ó ní ta ló rí irin nínú àdín, yàtọ̀ sí Kàmọ̀rù? Èmi náà ì bá bèèrè bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kọkàndínlógójì kọjá. Nígbà tó di ọjọ́ ogójì, àwọn àlùfáà ń ṣe àdúrà lábẹ́ ìbòji níwájú ilé, èmi àti Ìyá Àgbà wà lẹ́bàá fèrèsé yàrá rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rí wọn kí n tó rí wọn. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

Obìnrin kan ti ọ̀nà etí omi bọ̀. Ó fa ọmọ lọ́wọ́.

Àwọn ènìyàn yí ojú padà. Ẹnìkan sọ nǹkan sétí ẹnìkan. "Ǹjẹ́ mi ò wí?" Ìyá Àgbà ní. Ohùn rẹ̀ kò lágbára. Nínú ogójì ọjọ́, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun jẹ́ òótọ́.

Nígbà náà ni Jeremáyà yọ lẹ́yìn wọn, kọ́, kọ́, kọ́, tó ń bá yanrìn jà.

Ìyá Àgbà ní kí n mú wọn wọlé. Kò wo obìnrin náà. Ó wo ọmọ náà, imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò, mo sì bojú wolẹ̀ kí n má bàa rẹ́rìn-ín. Ó wá nawọ́. "Ẹ gbé igi yín wá."

Jeremáyà jókòó, ó gbé ọ̀kan fún un. Ìyá Àgbà dijú. Ó fi àtàǹpàkò yí ìdimú irin náà ká díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Ibì kan dé, àtàǹpàkò rẹ̀ dúró.

"Sìdí, bá mi gbé ọmọrí ìkòkò mi."

Mo gbé e wá. Ó fi àtàǹpàkò kan yí orí ọmọrí náà, ó dúró. Ó padà sórí igi, ó dúró. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń wọ̀n ọ́n. Àmín àwọn àlùfáà ń wọlé láti ìta.

"Ó ní ohun tó bá jẹ́ tòun, bẹ́ẹ̀ ló ń rí," ó ní, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ó la ojú. Ó wo Jeremáyà, ó wo abẹ́ apá rẹ̀ tí igi ti ha títí ó fi dúdú. "Ta ló wá wo igi yìí ní Sátidé tó kọjá?"

"Kò sí, Màmá."

"Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí, Màmá."

Ó fa àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó yọ ìgò àdín kan, ó gbé e lé ìyàwó Jeremáyà lọ́wọ́. "Fi máa pa á níbẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí o má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki irin bọ̀ ọ́." Ó yíjú sí mi. "Sátidé tó ń bọ̀, ìwọ ni yóò lọ. Mú Kàmọ̀rù dání, ìwọ ò mọ nǹkan kan nípa irin. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe títí n ó fi jáde opó."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́, Ìyá Àgbà?"

"Lẹ́yìn náà, èmi fúnra mi ni yóò máa lọ." Ó fi ọmọrí bo ìkòkò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kó lè jókòó dáadáa. "Mo fẹ́ fojú ara mi rí i bóyá kò sí obìnrin mìíràn níbẹ̀."